Ojúlé Mẹ́rin, Ayélujára Kan

Ẹ̀kọ́ físíìsì ń lọ lọ́wọ́ lórí fóònù, àfi bí ojú olùkọ́ ṣe dúró gbagidi bí àwòrán ara ògiri. Dátà ti tán. Oníbéèrè, ọmọ aránṣọ, tí wọ́n sọ lórúkọ yìí torí pé ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀, mí kanlẹ̀. Ìdánwò àṣejáde ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń fa ayélujára wọ àdúgbò wọn, owó wọn sì ju agbára ìyá rẹ̀ lọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í ní, "Mo mọ páásíwọ̀dù ayélujára nọ́ọ̀sì ìsàlẹ̀. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́. Òun ni mò ń lò. Gbà, kò lè mọ̀."

Ó wu Oníbéèrè, ká má parọ́. Àmọ́ báwo ló ṣe máa máa kí nọ́ọ̀sì láàárọ̀? Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ó sọ̀kalẹ̀, ó kanlẹ̀kùn.

"Ẹ káàsán mà. Ṣé a lè jọ máa san owó ayélujára yín?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Ó ń ni èmi náà lára. Wọ́n ní bí ojúlé mẹ́rin bá para pọ̀, àwọn á fa èyí tó lágbára, owó á sì fúyẹ́. Ta ló máa wá kó èèyàn jọ?"

"Èmi ni, mà."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Káfíńtà òkè bi í bóyá ayélujára lòun máa fi rẹ́ pákó. Oníbéèrè yá fóònù ìyá rẹ̀ tó ṣì ní dátà díẹ̀, ó fi àwọn àga tí wọ́n ń tà lórí ayélujára hàn án. Ọkùnrin náà wò wọ́n títí.

"Èyí ò tó tèmi," ló wí, ló bá gbà. Bàbá ojúlé kẹrin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, gbà ní tiẹ̀, torí ojú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ń yán an.

Ọjọ́ tí wọ́n fa wáyà wọlé ni wọ́n pa páásíwọ̀dù dà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ sáré wá. "Mi ò lè wọlé mọ́."

"Lọ jẹ́wọ́ fún nọ́ọ̀sì, kó o sì tọrọ àyè láti máa lò ó."

Ó lọ tìtìjú-tìtìjú. Nọ́ọ̀sì bá a wí dáadáa, kó tó ní kó máa wá kàwé ní pálọ̀ òun.

Àwọn méjèèjì yege. Bí aránṣọ bá ń wọn aṣọ fún oníbàárà, á nàka sí wáyà tó gba ojú fèrèsé wọlé, á ní, "Ọmọ mi ló ṣe é."

Ohun tá a jí, ìbẹ̀rù la fi ń lò ó. Èyí tá a béèrè, tá a sì jọ dáwọ́ lé, gbangba la ti ń lò ó, orí wa á sì máa wú.