Olùpè Tí Kò Dárúkọ

"Tí wọ́n bá tún gbọ́ ohùn ẹ lórí rédíò lẹ́yìn ọ̀la, kí n má kú ire!"

Ẹ̀gbọ́n ló ń búra bẹ́ẹ̀ nínú ilé ìdáná àbúrò rẹ̀, tó ń na ìka sí i lójú. Obìnrin làwọn méjèèjì; baba kan náà ló bí wọn, ìyá wọn ló yàtọ̀. Gbogbo ẹ̀sùn rẹ̀ kò ju pé àbúrò kò fà á wọ ilé iṣẹ́ rédíò lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Èmi kọ́ ni mo ń gba èèyàn síṣẹ́ níbẹ̀."

"Irọ́! Ahun! Oúnjẹ ìyá mi lo jẹ kí ẹnu ẹ tó dùn!"

Oúnjẹ wo? Àjẹkù ni! Ọmọ ọdún méje ni àbúrò nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, tí ìyàwó baba rẹ̀ sì sọ ọ́ di ẹrú. Bó ṣe ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé ló ń gbọ́ rédíò aládùúgbò, tó ń tún ọ̀rọ̀ asọ̀ròyìn sọ, tí Ẹ̀gbọ́n sì ń fi í ṣe ẹlẹ́yà. Lónìí, Ohùn Oyin ni wọ́n ń pè é. Tó bá fi bú àwọn aláṣẹ láàárọ̀, wọ́n á ti sáré tún afárá ṣe kílẹ̀ tó ṣú!

Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Ọkọ rẹ̀, aláìmoore tí obìnrin yìí ń bọ́, tó ń wọ̀ láṣọ, ti ń bá Ẹ̀gbọ́n yan àlè tipẹ́. Ó là wọ́n níjà bí ẹni rere. Bí ìyàwó ti yí ẹ̀yìn padà, ó rẹ́rìn-ín sí àlè rẹ̀.

"Ọ̀gá wọn ní rédíò ti ní bí ariwo kan péré bá ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Láàárọ̀ ọ̀la la ó pa á lẹ́nu mọ́."

Ilẹ̀ mọ́. Ohùn Oyin ń gba ìpè lórí afẹ́fẹ́. Obìnrin kan pè, ohùn rẹ̀ ń gba imú jáde, ó ní òun ò ní dárúkọ.

"Ẹ̀yin olùgbọ́, ìkà lobìnrin yìí! Ìyá tó tọ́ ọ dàgbà, ebi ló fi pa á! Ojú mi ló ṣe!"

Ẹ gbọ́ irọ́ funfun báláú! Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Ohùn Oyin fi ń bọ́ ìyàwó baba rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé! Lẹ́yìn gíláàsì, ọ̀gá ti dìde dúró, ojú rẹ̀ le koko. Ariwo rédíò olùpè náà sì ń wọ inú fóònù, kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ra. Ohun tí Ohùn Oyin máa ń sọ fún gbogbo olùpè ló sọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi, ẹ dín rédíò yín kù, ká lè gbọ́ yín dáadáa."

Irọ́ ti dùn mọ́ òpùrọ́ lẹ́nu, ó gbàgbé imú tó ń fi sọ̀rọ̀.

"Olówó orí mi, bá mi dín rédíò yẹn kù!"

"Mo ti dín in kù!" Ohùn ọkùnrin kan dáhùn gbangba. "Máa bá a lọ! Sọ pé ìwọ lo sin òkú!"

Ohùn tó ń kí i káàárọ̀ lójoojúmọ́! Omijé bọ́ lójú Ohùn Oyin, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò kólòlò.

"Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ má bínú. Ọkọ mi lẹ gbọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ló sì ń pè."

Yéè! Kó tó délé, àwọn aládùúgbò ti kún ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n ti gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ láìwọ bàtà, àwọn ọmọdé sì ń hó lé e. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fi mọ́tò gbé Ohùn Oyin wálé, ó ní kò sẹ́ni tó máa gba àyè obìnrin náà lẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyàwó mi, iṣẹ́ èṣù ni! Jọ̀ọ́, bo àṣírí mi!"

"Àṣírí wo? Èwo ló kù tí ìlú ò tíì gbọ́?"

Ohùn Oyin gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta.