Ẹja Àrọ̀ Tí Bándélé Gbé Wá Sílé Àna

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí orúnkún kan orúnkún. Inú mi ń dùn, ìtàn ìfẹ́ ló wà lẹ́nu mi.

Létí odò kékeré tó wà lẹ́yìn àdúgbò Agbowó ni Ọláníkẹ́ ti kọ́kọ́ rí Bándélé. Ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó gbé ìgò omi sókè sí oòrùn, ó ń wo ẹja wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ tuntun.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ kí omi kí ẹ tó bù ú?" ni Ọláníkẹ́ bi í.

"Ṣé omi máa ń dáni lóhùn ni?"

"Ẹ ṣáà kí i."

Bándélé rẹ́rìn-ín, ó sì kí omi. Ibẹ̀ ni ọkàn Ọláníkẹ́ ti fà sí i.

Tíṣà báyọ́lọ́jì ni Bándélé, nílé ìwé girama kan ní Bódìjà. Bàbá Ògúnlẹ́yẹ, bàbá Ọláníkẹ́, ló ń tọ́jú ojúbọ odò yẹn. Ọdún kan gbáko ni Bándélé àti Ọláníkẹ́ fi ń rìn pọ̀, orin ni Ọláníkẹ́ fi ń gbálẹ̀:

Omi ń ṣàn, kò wẹ̀yìn o,
Ìfẹ́ rẹ ń ṣàn lára mi.

Lọ́jọ́ tí Bándélé máa fojú han bàbá, ó gbé ẹja àrọ̀ méjì wá láàyè, nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹja àrọ̀ gan-an ni èèwọ̀ ìdílé bàbá! Ọláníkẹ́ kò rántí sọ fún un, torí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ nílé wọn. Wọ́n kàn bá a dàgbà ni.

"Ìbátan wa lo gbé wá kí a sè?" ni bàbá wí. "Wọ́n tiẹ̀ ní ò ń kọ́ àwọn ọmọ pé ara ẹranko lènìyàn ti wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Sọ pé irọ́ ni, mo fún ọ lọ́mọ. Bí o kò bá sọ ọ́, gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ."

Ọláníkẹ́ di etí aṣọ rẹ̀ mú. Ó fẹ́ kí Bándélé sọ ọ́. Ó sì ń bẹ̀rù pé ó lè sọ ọ́.

Bándélé dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Bí mo bá purọ́ fún yín lónìí, ọmọ yín ni màá purọ́ fún lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ tán. Bí a bá tọ ìran wa lọ sẹ́yìn, ká máa lọ, ká máa lọ, ju ibi tí ẹnu lè kà dé, inú omi la ó bá a. Babańlá kan náà ló bí àwa àti ẹja inú bọ́kẹ́ẹ̀tì yìí."

Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó wo inú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Egungun ni, sà. Ẹ̀yìn tiwa, ẹ̀yìn tiwọn, irú egungun kan náà ló gbé e ró."

"Ìyá mi kò mọ̀wé," ni bàbá wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ohun tó sọ fún mi nìyẹn, pé babańlá kan ló bí wa, nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí a kì í jẹ ẹ́." Ó tún tẹjú mọ́ ọn. "Àmọ́ ìwé rẹ kò sọ pé odò ń gbọ́rọ̀."

"Kò sọ bẹ́ẹ̀. N kò sì ní ṣe bí ẹni tó mọ̀. Ìlérí tí mo lè ṣe ni pé n kò ní jẹ ìbátan yín mọ́ láé, ọmọ tí Ọláníkẹ́ bá bí fún mi kò sì ní jẹ ẹ́."

"Bàbá, ẹ gbà á!" ni Ọláníkẹ́ fi omijé wí. "Bándélé tó máa ń jẹ orí ẹja tán kó tó fọwọ́ kan ìrẹsì ló ń ṣèlérí yìí!"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn mẹ́ta ló jọ gbé ẹja padà sódò lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nígbà tí ẹja méjèèjì wọ ìsàlẹ̀ tán, bàbá fa ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi lé Bándélé lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n padà délé, ìyá Ọláníkẹ́ ti gún iyán, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ẹlẹ́ran ewúrẹ́ sì ti délẹ̀. Ará ilé jẹ, aládùúgbò jẹ, àwo gbẹ. Kálukú gba ilé rẹ̀ lọ, inú yó, ọkàn balẹ̀.