Ibi Tí Ooru Ìléru Ń Gbà Lọ

Ìléru tó ń fẹ́ ooru sínú ilé onítáyà tí Orrin ń gbé ń ké bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àṣelàágùn, ṣùgbọ́n èémí tó ń ti ẹnu páìpù jáde lẹ́bàá ibùsùn Orrin kò lè mi fọ́nrán òwú. Verlene, ìyàwó rẹ̀, na ọwọ́ sí i títí, ọwọ́ kò gbóná. Yìnyín ti bo gbogbo Montana mọ́lẹ̀ níta. Dókítà sì ti kìlọ̀ pé bí òtútù bá tún wọ ẹ̀dọ̀fóró ọkùnrin yìí, kí wọ́n má retí pé yóò rí ìgbà tí yìnyín á yọ́.

Delmar, àbúrò Orrin, gbé àpótí irinṣẹ́ dé lọ́sàn-án.

"Ìyàwó wa, ṣé ẹ fẹ́ fi bùrọ̀dá mi ṣe ẹja dídì ni?"

"Alásọjù! Wọ abẹ́ ilé lọ jàre. Kọfí rẹ ń bẹ lórí iná."

Ó rá wọ abẹ́ ilé. Ó bá àwọn páìpù atẹ́gùn níbi tí wọ́n ká kò bí ìfun ewúrẹ́, ó nà wọ́n tọ́, ó gé èyí tó gùn jù, ó sì fi téèpù dí gbogbo ibi tó ń jò. Ó gbọn eruku kúrò níbi tí ìléru ti ń fa atẹ́gùn sínú. Síbẹ̀, èémí aláìlera yẹn náà ni.

"Ooru yìí ń gba ibìkan lọ," ni Delmar wí.

Ó padà wọ inú ilé, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tọ ògiri lọ títí ó fi dé ibùsùn kékeré tó wà lẹ́yìn pátápátá. Ó fa kọ́tìnnì. Ooru kọ lù ú lójú bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìkòkò tó ń hó.

Verlene di ògiri mú. Ibùsùn Nettie nìyẹn, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó rì sínú adágún omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Lẹ́yìn ìsìnkú, Verlene kò lè fara da kí ooru máa fẹ́ sórí ibùsùn òfìfo, Orrin sì gé páìpù ibẹ̀ sọnù.

Delmar tú àwọ̀n ẹnu ihò náà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Pákó ni iná kàn. Ooru ṣì ń fẹ́.

"Ìyàwó wa," ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "kò sí páìpù kankan níbí o."

Lọ́ọ̀ọ́kán, Orrin tún bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Verlene kúnlẹ̀. Ó wá àdúrà títí, kò rí èyí tí wọ́n kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì tó bá ọ̀ràn yìí mu. Ló bá sọ ọ́ bí ìyá ti í bá ọmọ sọ ọ́.

"Nettie mi, bàbá rẹ kò rí èémí mí. Jọ̀wọ́, fi ooru sílẹ̀ fún un. Má dá sùn síbí mọ́. Máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa."

Atẹ́gùn náà dá wáí. Lẹ́bàá ibùsùn Orrin, ooru tú jáde, aṣọ fèrèsé ń jó.

Delmar kó irinṣẹ́ rẹ̀. Kò fẹnu kan kọfí. "Kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú yín," ló wí, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú tán tí Orrin ti sùn lọ, tí òógùn yọ nímú rẹ̀, tí èémí rẹ̀ ń lọ geere. Verlene sùn tì í, ó ń fi omijé dúpẹ́. Orrin kò la ojú, ó kàn sún mọ́ ògiri, ó fi àyè sílẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì.

Ẹsẹ̀ kéékèèké méjì wọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, wọ́n tutù bíi yìnyín, omi ń ro lára wọn. Wọ́n fi ara ti ojúgun Verlene.

Ó fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ méjèèjì gbá wọn mọ́ra kí wọ́n lè gbóná. Ìléru ń ké, ooru kún inú ilé.

Wọn kò gbóná.