Agogo Ẹ̀yìn Àwọ̀n

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Hannah kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ gígùn méjì ń wọ́ jẹ́jẹ́ láàárín kòkó tí wọ́n sá sórí tapólì lẹ́bàá títì ní Aládé, ní Ìdànrè, wọ́n ń yí kòkó náà padà kí oòrùn lè débẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ni ẹsẹ̀ ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Hannah dúró, ó ń wò ó, inú rẹ̀ ń dùn láìmọ ìdí. Ìgbà tí ó wá gbójú sókè tí ó rí ojú ọkùnrin náà, gbogbo adùn ọ̀hún di ewúro.

"Ìwọ!" ó pariwo. "Ìwọ Àjàgbé! Ìwọ tó dijú tí bọ́ọ̀lù fi wọlé!"

Àjàgbé dúró. "Ẹ káàsán, ma."

"Èwo ni ẹ káàsán? Ṣé ẹ káàsán la máa fi gòkè ní líìgì ni?"

"Rárá o. Ìyá mi ló ní kí n máa kí èèyàn kí wọ́n tó bú mi."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Hannah. Ó gbé e mì, ó pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà ní Ìdànrè. Ìràwọ̀ Òkè, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, fẹ́ bọ́ sí líìgì òkè ní sáà tó kọjá. Ọ̀mì lásán ti tó wa lọ́jọ́ ìdíje àṣekágbá. Nígbà tó kù díẹ̀ kí fèrè dún, bọ́ọ̀lù tí arúgbó lè mú yí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àjàgbé, aṣọ́lé wa, tí ó sorí kọ́, tí ó dijú bí ẹni tó ń sùn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Wọ́n ní àjèjì ṣá ni, ọmọ Ìsẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ ń bá onílẹ̀ dáko kòkó kí wọ́n lè jọ pín irè. Wọ́n ní kí ló kàn án bí Ìdànrè gòkè tàbí kò gòkè?

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Sáà tuntun ti kanlẹ̀kùn, koríko bo pápá, agbábọ́ọ̀lù iwájú wa ti bá ẹgbẹ́ mìíràn lọ, àwọn alákòóso kò tíì sọ ẹni tí yóò jẹ́ kóòṣì. Bí a bá béèrè, wọ́n á ní ká ní sùúrù. Sùúrù wo? Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Òdòde, ẹnì kan á ní ife ẹ̀yẹ ti di tiwa, ẹlòmíràn á ní a máa já sísàlẹ̀ yakata. Bí wọ́n bá sì jiyàn títí tó sú wọn, Àjàgbé ni wọ́n máa padà bú. Kò sẹ́ni tó lọ kan ilẹ̀kùn àwọn alákòóso. Ibi tí ọwọ́ wọn tó ni wọ́n ń lù.

Hannah náà wà lára wọn. Aránṣọ ni, òun ló ń rán aṣọ àwọn alátìlẹ́yìn. Bàbá rẹ̀, Wòlíì Olútìmẹ́hìn, ni alága wọn, kì í sì í lọ sí pápá láìmú agogo àdúrà dání.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Hannah kò gbọ́ràn sí ìbínú rẹ̀ lẹ́nu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan ṣe ní Aládé. Lónìí, àgbàdo ló fẹ́ rà. Lọ́la, bọ́tìnnì ló tán.

"Ṣé orí kòkó ni wọ́n ti ń ta bọ́tìnnì ni?" Àjàgbé bi í.

"Má bá mi sọ̀rọ̀, jàre."

"Ó dáa. Ẹ jókòó síbi ibòji yìí, kẹ́ ẹ bá mi dákẹ́."

Hannah jókòó. Wọn kò dákẹ́. Kí kòkó tó gbẹ, ẹ̀yin ti di ìwọ láàárín wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àjàgbé gbé agbọ̀n kòkó lé èjìká nígbà tí agogo àdúrà dún ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó wà nítòsí. Agbọ̀n bọ́. Àjàgbé ti sorí kọ́, ó ti dijú, ètè rẹ̀ ń mì. Kòkó ń yí lọ sójú títì.

Hannah bú sẹ́rìn-ín. Lójijì, ó dá ẹ̀rín náà dúró. Bí ó ṣe sorí kọ́ lọ́jọ́ ìdíje gan-an nìyí! Ó sì rántí ẹni tó dúró lẹ́yìn àwọ̀n lọ́jọ́ náà, tí ìtara wọ̀ lára, tó ń lu agogo kí Ọlọ́run lè gbà wá.

"Bàbá mi ni," ó ní. "Àjàgbé, bàbá mi ló lu agogo."

"Ìyá mi ló kọ́ mi láti kékeré pé bí agogo àdúrà bá ti dún, kí n sorí kọ́, kí n dijú. Ara mi ti gbọ́ ọ kí orí mi tó gbọ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Kí n ní kí ni? Pé àdúrà àgbàlagbà ló jẹ́ ká pàdánù? Bí wọ́n bá lé mi, mo lè padà sí Ìsẹ́yìn. Ibo ni bàbá rẹ fẹ́ sá lọ?"

Inú bí Hannah débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó bínú sí ìlú, ó bínú sí ara rẹ̀, ó tún bínú sí Àjàgbé pé ó dáa jù.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, òpònú yìí!"

"Ṣé èébú nìyẹn, àbí ìfẹ́?"

"Méjèèjì!"

Hannah lọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé Àjàgbé lòun fẹ́ fẹ́, àmọ́ Wòlíì kò fẹ́ gbọ́. Kí Hannah tó sọ ọ̀rọ̀ agogo délẹ̀, ó ti fọwọ́ lé e dànù. "Ọmọ mi kò ní fẹ́ ẹni tó sùn lójú ogun," ló ní. Ó pe ìpàdé ní gbọ̀ngàn, ó ní kí gbogbo alátìlẹ́yìn fohùn ṣọ̀kan pé àwọn kò ní dé pápá ní sáà yìí àfi bí ẹgbẹ́ bá lé Àjàgbé. Àjàgbé jókòó lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbà bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ilé yá.

"Ẹ lé e!" ni gbọ̀ngàn ń ké. "Ó ti tà wá!"

Hannah dìde láàárín wọn. Ó rìn lọ síwájú bàbá rẹ̀, ó gbé agogo orí tábìlì, ó sì lù ú kíkankíkan.

Gbogbo gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́. Fìlà ṣí, orí wálẹ̀, ojú pa dé. Wòlíì fúnra rẹ̀ ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ti ń ké Mímọ́.

"Ẹ lajú yín," Hannah ní. "Bọ́ọ̀lù ti wọlé."

Wòlíì wo agogo, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnu ọ̀nà tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lajú. Ìtìjú bò ó.

"Èmi ni," ó ní. "Ẹ̀yin ará, èmi ni mo lù ú." Ó rìn lọ bá Àjàgbé. "Ọmọ mi, gbogbo ìlú ń bú ọ, o kò dárúkọ mi. Dárí jì mí. Gbé báàgì yẹn wọlé."

Àjàgbé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, nǹkan mìíràn tún wà tí mo fẹ́ tọrọ."

"Mo mọ̀ ọ́n," Wòlíì dáhùn. "Ṣé èmi náà kò rí i bí bọ́tìnnì ṣe ń tán lójoojúmọ́ ni?"

Títí di òní, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá a ó gòkè àbí a ó já. Ọjọ́ tí sáà bẹ̀rẹ̀ ni a tó mọ kóòṣì, koríko pápá ṣì ga níbi kan. Àmọ́ Àjàgbé wà láàárín òpó, Hannah sì dúró lẹ́yìn àwọ̀n pẹ̀lú agogo bàbá rẹ̀, ó ti ki ọwọ́ bọ inú agogo náà, ó di ahọ́n irin rẹ̀ mú ṣinṣin kó má baà dún.

"Bí a bá pàdánù ńkọ́?" Àjàgbé bi í láìbojú wẹ̀yìn.

"A ó jọ pàdánù ni, olólùfẹ́. Ọjọ́ ìgbéyàwó wa ni mo máa tó fi ahọ́n yìí sílẹ̀. Wo iwájú rẹ."

Fèrè dún. Àjàgbé la ojú rẹ̀ méjèèjì.