Kókó Mẹ́fà Tó Ń Di Etí

Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò nílé, ṣùgbọ́n òórùn ìda tó ń yọ́ ní yàrá yẹn kò tíì kúrò nímú mi. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan ni mo lọ tún ṣe nínú rẹ̀, níléèwé àwọn agbẹ̀bí. Ọmọge kan jókòó níbẹ̀, ó ń fi ìda mọ ère ọlẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí ọmọ ṣe ń dàgbà nínú ìyá.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ti lẹ etí ọmọ yìí mọ́ ọrùn."

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, káfíńtà. Kókó kéékèèké mẹ́fà ni, wọ́n á pé jọ, wọ́n á lẹ̀ pọ̀. Bí àgbọ̀n bá ṣe ń dàgbà ni etí á máa gòkè lọ sáyè rẹ̀."

"Tí wọn ò bá wá lẹ̀ pọ̀ ńkọ́?"

Ìgbà yẹn ló wò mí. Mo fa fìlà mi wálẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn: ẹran bíńtín ló wà níbi tó yẹ kí etí ọ̀tún mi wà.

"Á rí bíi tìẹ," ló wí jẹ́ẹ́. "Wá sí apá ibí, kí n lè bá etí tó gbọ́ràn sọ̀rọ̀."

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Ilẹ̀kùn iṣẹ́ àárọ̀ kan, mo fi ọ̀sẹ̀ kan tún un ṣe. Ó sọ mí ní Elétí-kan, inú mi sì ń dùn. Ẹlòmíràn ò jẹ́ dán an wò.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó mú mi dé ilé wọn, mo fa fìlà bo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ìyá rẹ̀ kò ní kí n jókòó.

"Bọ́ fìlà."

Mo bọ́ ọ. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Kí ni ìyá rẹ̀ ṣe nígbà tó lóyún rẹ̀? Ṣé irú èyí lo fẹ́ bí fún mi lọ́mọọmọ? Búra pé ọmọ yín á ní etí méjì, kí n gbà."

Nínú ọkàn mi mo ń bẹ̀ ẹ́: purọ́, adúmáadán mi, purọ́.

"Mi ò lè búra, Màámi. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Kí oyún tó pé oṣù méjì, iṣẹ́ etí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn àwọn kókó tó ń di etí kì í lẹ̀ pọ̀ tán. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni."

Bàbá rẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbójú sílẹ̀. Mo ti ń wo ọ̀nà ìta.

"Ojú ńkọ́?" Ohùn ìyá ti yí padà. "Báwo ni ti ojú? Dá mi lóhùn!"

"Inú ọpọlọ ló ti ń yọ bí èéhù, lápá méjèèjì. Á nà títí á fi kan awọ, awọ náà á jìn sínú lọ pàdé rẹ̀, á di dígí ojú."

"Tí èéhù kan ò bá yọ?"

"Ojú ẹ̀gbẹ́ yẹn ò ní sí."

"Kì í ṣe... kì í ṣe torí pé mo fi afọ́jú ṣe yẹ̀yẹ́?"

Bàbá ló là mí lóye. Wọ́n ti bí ọmọ kan ṣáájú olólùfẹ́ mi, olójú kan, kò sì pẹ́ láyé. Ìyá ni gbogbo ẹbí di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

"Wọ́n parọ́ mọ́ yín ni, Màámi." Olólùfẹ́ mi dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì ń sunkún.

Ìgbà tó yá, ìyá nu ojú, ó kọjú sí mi. "Kí lo dúró ṣe bí òpó? Jókòó. Etí méjì ni o, etí kan ni o, èmi ni n ó kọ́kọ́ gbé ọmọ yín. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe, kó wá bi mí."