Aràn Inú Ìgò

"Màmá, ekòló ni èyí," ni dókítà ẹranko wí. Ó gbé ìgò kékeré náà sójú ìmọ́lẹ̀, ó yí i po. "Inú ilẹ̀ ló ń gbé, kì í gbé inú ajá. Ta ló sọ pé inú ajá yín ló ti jáde?"

"Dókítà Aparàn ni," ni Ìyá Aránṣọ fèsì. "Ilé ló máa ń wá bá wa. Ó gba ìgbẹ́ ajá, ó gbé e wọnú ọkọ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Nígbà tó máa jáde, èyí ló mú bọ̀."

"Oògùn tó fún un ńkọ́?"

Inú ẹ̀dọ̀ díndín ni Aparàn máa ń fi oògùn sí fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ajá ti tu hóró kan sábẹ́ àga, Ìyá Aránṣọ sì mú un wá. Dókítà fi hóró náà fa ìlà sára tábìlì. Ìlà náà funfun, ó tọ́. Ṣọ́ọ̀kì ni. Ìyá Aránṣọ, ẹni tó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sáṣọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, gba hóró náà, ó fa ìlà tirẹ̀.

Másùn ni wọ́n sọ ajá náà, ṣùgbọ́n kò níṣẹ́ méjì mọ́ ju oorun lọ. Eegun ìhà rẹ̀ ṣeé kà, èrìgì rẹ̀ sì ti funfun. Dókítà wo ìgbẹ́ rẹ̀ nínú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó mi orí.

"Ẹyin aràn kún un bámúbámú. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń mu nígbà tó ń jẹ ṣọ́ọ̀kì. Màá gún un lábẹ́rẹ́ kó lè lágbára díẹ̀ ná, ká tó fún un lóògùn aràn. Mi ò lè ṣèlérí, màmá."

Ajá ọkọ Ìyá Aránṣọ ni. Láti ìgbà tí bàbá náà ti kú, bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀, Másùn á lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa retí rẹ̀. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí kò lọ mọ́. Ẹ̀rù ba Ìyá Aránṣọ, inú sì bí i, ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ.

"Báwo ló ṣe rí?" ni sájẹ́ǹtì béèrè.

"Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó léjí. Aṣọ funfun ló ń wọ̀. Àpò rẹ̀ máa ń rùn."

Sájẹ́ǹtì gbé kálámù sílẹ̀. "Ṣé òórùn ẹ̀dọ̀ díndín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

"Òun ló ń wo ológbò mi."

Orí tẹlifíṣọ̀n ni sájẹ́ǹtì gbé ìgò tirẹ̀ sí. Gbogbo àlejò ló ti rí i.

Ìyá Aránṣọ fi fóònù pe Aparàn pé ara ajá kò tíì yá. Ọkùnrin náà dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó rẹ́rìn-ín, ó gba ìgbẹ́, ó wọ ọkọ̀ lọ. Sájẹ́ǹtì, tó ti sá pamọ́ sí ìtòsí, yọjú lójú gíláàsì ọkọ̀ náà. Ó rí i tó ń wa agolo mílíìkì tó kún fún iyẹ̀pẹ̀ tútù, tó ń fa ekòló yọ, tó ń fi omi ṣàn án jẹ́jẹ́. Sájẹ́ǹtì kan gíláàsì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà."

Aparàn gba ilẹ̀kùn kejì jáde, ó na pápá bora. Ó gba abẹ́ aṣọ tí wọ́n sá, ó fo ògiri kan, ó fo èkejì. Sájẹ́ǹtì nìkùn, ó ń gba ẹnu géètì. Ó yẹ inú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wò, kò rí nǹkan kan. Ó yọjú sí ti onígbàjámọ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta jókòó síbẹ̀, wọ́n da aṣọ bo ara, ọṣẹ bo gbogbo ojú wọn.

"Ṣé ẹnì kan sá wọ ibí?"

"Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, mò ń pọn omi," ni onígbàjámọ̀ wí.

Sájẹ́ǹtì yí padà láti máa lọ. Ajá kan ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Òmíràn dé, ó jókòó tì í. Kò pẹ́ tí ajá àdúgbò fi kún ibẹ̀, gbogbo wọn kọjú sí ọkùnrin tó wà láàárín, ìrù wọn sì ń gbálẹ̀. Wọ́n ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Àwọn tiwa kò tiẹ̀ dúró de fèrè. Kì í ṣe pé wọ́n bínú. Oògùn wọn ni wọ́n wá gbà.

Ẹni tó dé kẹ́yìn ni Másùn. Ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, Ìyá Aránṣọ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ó wọlé, ó gbé àgbọ̀n lé orúnkún ọkùnrin náà.

"Ẹ lé wọn," ni ohùn kan wí láti inú ọṣẹ. "Mi ò mọ ajá wọ̀nyí rí."

"Àwọn mọ̀ ọ́," ni sájẹ́ǹtì wí, ó sì mú ṣẹkẹṣẹkẹ̀ jáde. Ọwọ́ pálábá Aparàn ségi.

Ní àgọ́, kò jiyàn.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe tẹ́lẹ̀?"

"Mò ń ta ekòló fáwọn apẹja."

"Kí ló dé tó ò fi ta ekòló fún wọn gẹ́gẹ́ bí aràn?"

"Àwọn apẹja mọ ekòló, sà."

"Ṣé ẹranko kan tiẹ̀ rí ìwòsàn lọ́wọ́ rẹ?"

Ó ronú sí i. "Wọ́n jẹ ẹ̀dọ̀."

Dókítà ẹranko yẹ gbogbo ajá àti ológbò àdúgbò wò, ti sájẹ́ǹtì náà. Nígbà tó kan Másùn, ó tu oògùn gidi náà dànù, ó tún tu ú.

"Ẹ fi sínú ẹ̀dọ̀ díndín," ni Ìyá Aránṣọ wí. "Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ọ̀gbẹ́ni yẹn mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn."

Másùn gbé e mì. Aràn jáde, kò sì jọ ekòló rárá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Aránṣọ wà nídìí máṣíìnì nígbà tó gbọ́ ìró èékánná lórí ilẹ̀. Másùn ti dìde. Ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó, ó kọjú síta. Inú ìyá náà dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dá máṣíìnì dúró, ó gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà, àwọn méjèèjì sì jọ jókòó.