Símẹ́ńtì Ló Ń Mu Omi

Ìwọ tó mú ìwé pélébé yìí dání, fara balẹ̀ kà á tán kó o tó sọ ọ́ nù. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Aláràbarà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ya àwòrán adágún ìlúwẹ̀ẹ́ fún àwọn tó fẹ́ ẹ sí ẹ̀yìnkùlé wọn, kó sì dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ títí wọn yóò fi kọ́ ọ tán. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ ìsinmi, ìjókòó iwájú ló máa ń wà ní ilé ìsìn, ohùn rẹ̀ ló sì máa ń ròkè jù nínú orin. Ṣùgbọ́n kò mọ Jésù o. Ọ̀nà ilé ìsìn nìkan ló mọ̀.

Ìyá agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì ló gbé iṣẹ́ kan wá fún un. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọkọ ìyá náà lápá kan, dókítà sì ní tí bàbá bá ń rìn nínú omi lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tún mókun. Tọkọtaya yìí ti gbé ilẹ̀ Sípéènì rí nígbà èwe wọn. Ìyá wá ní irú adágún tó wà láàárín agbo ilé àwọn níbẹ̀ lòun fẹ́, kí bàbá má baà rò pé ilé ìwòsàn ni wọ́n tún gbé òun wá.

Aláràbarà ya àwòrán tó fani mọ́ra. Ògiri funfun tó ní ojú ọ̀nà olórí rìbìtì, amọ̀ sísun pupa tí wọ́n tò sórí rẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja, táìsì aláwọ̀ aró àti ìyeyè tí òdòdó wà lára rẹ̀ yí etí omi ká. Láàárín ògiri, nísàlẹ̀ ibi tí omi adágún yóò dé, ni ẹnu kékeré kan wà tí omi yóò ti máa tú sínú adágún. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ bíríkìlà ló mọ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí ògiri dúró tán, Aláràbarà wò ó, ó ní ẹnu omi náà ò bọ́ sí àárín gan-an. Kò dúró de àna rẹ̀. Nígbà tí ìyẹn ti lọ sílé, ó fọwọ́ ara rẹ̀ dá ihò mìíràn lu, ó fi símẹ́ńtì díẹ̀ dí ti tẹ́lẹ̀ wàrà-wàrà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nídìí iṣẹ́ yìí. Kí wọ́n tó lẹ táìsì, wọ́n máa ń pọn omi kún inú adágún, wọn a fàlà sí ibi tó dé, wọn a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, omi sì wálẹ̀ kọjá ìlà. Àna rẹ̀ ní kí wọ́n gbọ́n ọn gbẹ, káwọn wá ibi tó ń jò.

Aláràbarà mọ ibẹ̀. Àmọ́ tó bá sọ ọ́, wọ́n á mọ̀ pé òun ló ba iṣẹ́ àna òun jẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, símẹ́ńtì tuntun ló ń mu omi," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ká máa lẹ táìsì."

Àna rẹ̀ gbà á gbọ́.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú omi láràárọ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń bu omi kún un, á ní ó jọ pé iyọ̀ ni símẹ́ńtì yìí jẹ tí òùngbẹ fi ń gbẹ ẹ́ báyìí. Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Aláràbarà tó bá wá kí wọn náà á rẹ́rìn-ín, á sì gbójú kúrò lára ògiri.

Omi tó ń jò yẹn ò dá ilẹ̀ abẹ́ ògiri sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí bàbá wà nínú omi, ògiri náà wó. Ìyá fà á jáde láàyè, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ṣoṣo tó ṣì ń lò ti kán.

Nígbà tí èrò pé, tí wọ́n ń bèèrè ohun tó fà á, Aláràbarà nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ níṣojú gbogbo wọn. Ó ní ẹ̀gbọ́n yìí ló mọ ọ́n, ẹ̀gbọ́n ló ṣahun símẹ́ńtì. Ọkùnrin náà kó irinṣẹ́ tó gbé wá, ó lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, ìyàwó Aláràbarà ń gbé oúnjẹ fún un bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, kì í kàn jókòó tì í mọ́. Nílé ìsìn, ìjókòó ẹ̀yìn ló wà, wọ́n dá orin, kò bá wọn gbè é. Ojú ń tì í láti wo ojú ènìyàn.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ oníná, ẹni tó fa iná sétí adágún náà, jẹ́ onígbàgbọ́ tòótọ́. Ó bẹ̀ ẹ́ kí àwọn jọ lọ kí bàbá. Wọ́n bá bàbá lórí ibùsùn, wọ́n ti fi aṣọ di ọwọ́ rẹ̀ tó kán, ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Mi ò tíì rí yín látọjọ́ yẹn," ni bàbá wí. "Ṣé ògiri yẹn ò bà yín níbì kankan?"

Háà! Bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Ó jáde, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́kù ní ẹ̀yìnkùlé, ó sì sunkún. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní òun á tún adágún náà kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, òun á máa sìn ní ilé ìsìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oníná mi orí.

"Táìsì lo tún fẹ́ lẹ̀ lé ihò tó ń jò yẹn. Jésù ò ní kó o tún ara rẹ ṣe kó o tó wá. Ẹ̀ṣẹ̀ yìí gan-an ló kú fún. Sọ ọ́ fún un bó ṣe rí."

Ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀. "Olúwa, irọ́ ni mo pa. Èmi ni mo dá ihò náà lu. Ṣàánú mi." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, Ọlọ́run sì gbọ́ ọ. Ó padà wọlé lọ jẹ́wọ́ fún bàbá àti ìyá, ó sì gba ibẹ̀ lọ sílé àna rẹ̀.

Ó bá a níta láàárín àwọn bíríkìlà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn, ó sọ òtítọ́. Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ sí i.

"Ẹ dìde, àna mi," ló wí. "Mi ò tíì mọ ògiri kankan látọjọ́ yẹn. Èmi rò pé lóòótọ́ ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bàbá."

Aláràbarà ò lè dìde. Kò mọ̀ pé aláìṣẹ̀ náà ti gba ẹ̀bi òun gbọ́, tó ń gbé e sùn, tó ń gbé e jí.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ńkọ́? Aláìṣẹ̀ kan ru ẹ̀bi tìrẹ náà. A ò tàn án jẹ ní tiẹ̀. Ó mọ gbogbo ohun tó o ṣe, ó sì fínnúfíndọ̀ rù ú dé orí àgbélébùú. Má ṣe sọ pé ó di ọ̀la, ta ló bá ọ mú ọ̀la dání? Níbi tó o wà yìí, kí ìwé yìí tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún Jésù. Ó ń dúró dè ọ́.